Ìwé Ìpè Ilé-Ẹjọ́ àti Àmánà Àṣírí Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

 



Ní gbogbo agbègbè wa yìí, láti Ìtamaga dé àárín ìlú Ìkòròdú, títí lọ kan Ẹ̀pẹ́, mọ́ṣáláṣí kì í ṣe ibi ìrun nìkan. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, nígbà tí èrò bá ti túká, bí ẹnìkan bá jókòó sẹ́yìn tí kò dìde, lèmọ́mù ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níkùn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí oògùn líle ti di bárakú fún, ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ ń nà, opó tí àwọn ẹbí ọkọ fẹ́ gba ilé mọ́ lọ́wọ́, ọkùnrin tí gbèsè dé mọ́lẹ̀ tí kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀: ọ̀dọ̀ àáfà ni wọ́n ń gbé e wá. Láyé àtijọ́, etí ni àáfà fi ń gbọ́, inú ni ó sì ń fi í sí. Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ wa ti kọ́ ètò. A ní ìgbìmọ̀ tí ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn, a ní ìwé àkọsílẹ̀, a ní fọ́ọ̀mù, a ní akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp wà, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà. Ètò dára, èmi náà sì wà lára àwọn tí ó ti ń pariwo pé kí a ní i. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ ti di ohun tí ẹlòmíràn lè béèrè fún.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ gbé e kalẹ̀. Ká ní tọkọtaya kan tí a so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí wá sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Ìyàwó sọ ọ́ pẹ̀lú omijé pé láti ìgbà tí òun ti bímọ ni ìrònú ti bo òun mọ́lẹ̀, pé ó tilẹ̀ ti wá sí òun lọ́kàn rí láti gba ẹ̀mí ara òun. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. A gbà wọ́n nímọ̀ràn, a ní kí ìyàwó lọ rí dókítà, ara rẹ̀ yá, wọ́n padà sílé. Ọdún mẹ́rin kọjá, ìgbéyàwó tú, ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Wọ́n dé ilé-ẹjọ́. Lọ́yà ọkọ rántí pé ìwé kan wà ní mọ́ṣáláṣí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, akódà ilé-ẹjọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó na ìwé sí lèmọ́mù: kí ó farahàn ní ọjọ́ báyìí, kí ó sì mú ìwé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ dání. Kò sí ẹni tí ó jalè nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó pànìyàn. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ láàrin ẹni méjì ni. Ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ ni àwọn lọ́yà ń pè ní subpoena. Kí ni lèmọ́mù yóò ṣe?

Àwọn kan nínú wa yóò ní kí ó jó ìwé náà níná. Àwọn mìíràn yóò ní kí ó gbé e fún wọn, nítorí ìjọba ni ìjọba. Èrò méjèèjì kò tọ́.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, àṣírí, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wọ èdè wa, bí àmánà àti àlàáfíà ti wọ̀ ọ́. Yorùbá ní awo tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí i, awo jẹ́ ti ẹgbẹ́, àṣírí jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa nípa rẹ̀ jinlẹ̀. Ó kọ́ wa pé bí ènìyàn bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, tí ó sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń gbọ́, bíbojú-wẹ̀yìn yẹn nìkan ti tó: ọ̀rọ̀ náà ti di àmánà lọ́wọ́ rẹ, bí kò tilẹ̀ sọ fún ọ pé kí o má wí. Nígbà tí Anas ọmọ Mālik ṣì wà ní ọmọdé, Ànábì rán an ní iṣẹ́ kan, ó sì pẹ́ kí ó tó délé. Ìyá rẹ̀, Umm Sulaim, bi í pé iṣẹ́ wo ni. Ó ní àṣírí ni. Ìyá kò bínú, kò fi agbára ìyá béèrè. Ó ní kí ó má ṣe sọ àṣírí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ẹnikẹ́ni. Anas dàgbà, ó darúgbó, kò sì sọ ọ́ fún Thābit tí í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́.

Ìtàn kejì wà nínú ìwé Muwatta ti Imam Mālik. Ní ayé Umar, ẹnìkan fẹ́ fi arábìnrin ọkùnrin kan ṣe aya. Arákùnrin ọmọbìnrin náà wá fi tó o létí pé ó ti ṣe àgbèrè rí. Nígbà tí Umar gbọ́, inú bí i débi pé ó lù ú tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú, ó sì bi í pé kí ni ó kàn án pẹ̀lú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i: òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Arákùnrin náà kò purọ́ mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Bíbẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ òótọ́ kò sọ títú rẹ̀ di ẹ̀tọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Hind ọmọbìnrin Utbah, ẹni tí ó wá bá Ànábì pé ọkọ òun, Abū Sufyān, háwọ́, kì í fún òun àti ọmọ ní ohun tí ó tó. Ànábì kò bá a wí pé ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dá a lóhùn lórí ohun tí ó lè mú nínú owó náà ní ọ̀nà ẹ̀tọ́. Àwọn onímọ̀ fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí ń wá ìmọ̀ràn lè mẹ́nu ba àléébù ẹlòmíràn bí ó bá pọn dandan. Èyí gan-an ni ó mú kí ìwé ìmọ̀ràn wúwo ju ìwé mìíràn lọ. Kì í ṣe àṣírí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ti ẹni tí kò sí níjòókòó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí kò sì mọ̀ pé a ti kọ orúkọ òun sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀gbẹ́ kan wo ẹ̀sìn. Ní apá ìparí Sūratul-Baqarah, lẹ́yìn ẹsẹ̀ gígùn tí ó pàṣẹ kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ẹ̀rí pamọ́, Ó sì ka ọkàn ẹni tí ó bá fi í pamọ́ sí ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀. Nínú Sūratun-Nisā', Ó ní kí a jẹ́rìí òdodo, ìbáà jẹ́ lòdì sí ara wa, sí òbí wa tàbí sí ẹbí wa. Lèmọ́mù tí ó bá ń pariwo àmánà láti fi bo ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn mọ́lẹ̀, àmánà kọ́ ni ó ń ṣọ́.

Ọ̀nà tí mo rí láti so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ nìyí. Bí mo bá wà níjòókòó nígbà tí ẹnìkan yá ẹnìkejì lówó, tàbí tí a so yìgì, tàbí tí bàbá kan pín ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kú, ẹlẹ́rìí ni mí. Láwàní orí mi kò yọ mí kúrò nínú jíjẹ́ ẹ̀rí, bí a bá sì pè mí, n óò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi kí n lè bá a wá ìwòsàn, kò pè mí wá ṣe ẹlẹ́rìí. Bí aláìsàn ti ń bọ́ aṣọ níwájú oníṣègùn ni ó bọ́ ọ níwájú mi. Ohun tí oníṣègùn rí nígbà náà kì í ṣe ohun tí ó gbé lọ sí ọjà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó. Àyàfi kan sì wà tí kò gbọdọ̀ gbàgbé: hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá yọ ìjókòó mẹ́ta kúrò lábẹ́ àmánà, ìyẹn èyí tí a ti fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ tí kò tọ́ sílẹ̀, èyí tí a ti fẹ́ ba obìnrin jẹ́, àti èyí tí a ti fẹ́ gba dúkìá oní-dúkìá. Àwọn onímọ̀ hádíìsì sọ pé okùn rẹ̀ kò le tó, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ bá ìpìlẹ̀ ṣẹ̀ríà mu. Bí ọmọdé bá wà nínú ewu lọ́wọ́ àgbà kan nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé àmánà ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti ọdún 2007. Kí a gbé ọmọ náà kúrò nínú ewu ni ó kàn, kí a sì fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Àwọn ilé-ẹjọ́ ayé náà ti bá ìṣòro kan náà wọ̀jà, ẹjọ́ tí ó lókìkí jù lórí rẹ̀ sì wá láti Amẹ́ríkà. Ní oṣù Júùnù ọdún 1991, ọlọ́pàá obìnrin kan, Mary Lu Redmond, yìnbọn pa ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ricky Allen níbi ìjà kan ní ìlú Hoffman Estates, ìpínlẹ̀ Illinois. Ọlọ́pàá ní ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Allen, ó sì fẹ́ gún ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn tí ó wà níbẹ̀ ní kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹbí òkú pe ẹjọ́ láti gba owó ìtánràn. Bí ẹjọ́ ti ń lọ, lọ́yà wọn gbọ́ pé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọlọ́pàá yìí ti lọ jókòó ní nǹkan bí ìgbà àádọ́ta lọ́dọ̀ Karen Beyer, obìnrin tí ìjọba fún ní ìwé-àṣẹ láti máa gba àwọn tí ọkàn wọn dàrú nímọ̀ràn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ohun tí ó kọ sílẹ̀. Obìnrin náà kọ̀, ọlọ́pàá náà kọ̀. Adájọ́ wá sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ń gbọ́ ẹjọ́ pé wọ́n lè gbà pé ohun tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi pamọ́ kì yóò ṣe ọlọ́pàá náà ní ànfààní. Ìgbìmọ̀ dá owó 545,000 dọ́là fún ẹbí òkú.

Ẹjọ́ kò tán síbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ọ̀rọ̀ sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Júùnù ọdún 1996, méje nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án fara mọ́ ìdájọ́ tí Adájọ́ John Paul Stevens kọ: ọ̀rọ̀ láàrin agbani-nímọ̀ràn tí ó ní ìwé-àṣẹ àti ẹni tí ó wá bá a ní ààbò ní àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ rọrùn láti lóye. Bí àwọn ènìyàn bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn yóò dé ilé-ẹjọ́, wọn kò ní sọ ọ́ rárá. Nígbà náà, ilé-ẹjọ́ kò ní rí ẹ̀rí kankan gbà, aláìsàn náà kò sì ní rí ìwòsàn. Adájọ́ Antonin Scalia tako wọn. Ó bi wọ́n léèrè pé ṣé ìmọ̀ràn ìyá ẹni kò wúlò ju ti agbani-nímọ̀ràn lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, síbẹ̀ òfin kò fi ààbò bo ohun tí ènìyàn sọ fún ìyá rẹ̀. Èmi kò sí lẹ́yìn Scalia, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ọmọ ènìyàn kan kú. Ẹbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ òtítọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá fi aṣọ bo ẹ̀rí kan, ẹnìkan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí ó ń san owó aṣọ náà.

Kí ọmọ Nàìjíríà má ṣe rò pé ààbò yẹn dé ọ̀dọ̀ tiwa. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ́ gbòǹgbò òfin ẹ̀rí wa, ó sì ti pẹ́ tí àwọn adájọ́ ibẹ̀ ti sọ ojú abẹ níkòó. Ní ọdún 1881, nínú ẹjọ́ Wheeler àti Le Marchant, Sir George Jessel sọ ọ́ gbangba pé ohun tí ènìyàn sọ fún àlùfáà, fún dókítà tàbí fún ọ̀rẹ́ kòríkòsùn rẹ̀ kò ní ààbò níwájú ilé-ẹjọ́. Lọ́yà nìkan ni ó yàtọ̀. Òfin Ẹ̀rí tiwa ti ọdún 2011 gba ọ̀nà kan náà. Abala 192 rẹ̀ fi ààbò bo ohun tí ènìyàn sọ fún lọ́yà rẹ̀. Ẹ wá lèmọ́mù nínú rẹ̀, ẹ kò ní rí i. Ẹ wá páítọ̀, ẹ wá dókítà, ẹ wá olùkọ́ tí ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀.

Lóòótọ́, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 37, fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀ ní ààbò. Ṣùgbọ́n abala 45 fi àyè sílẹ̀ kí òfin mìíràn lè dín ẹ̀tọ́ náà kù, títí kan láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ fáìlì aláìsàn di ohun ìkọ̀kọ̀, ó sì yọ àṣẹ ilé-ẹjọ́ sílẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ènìyàn ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ìlera àti ìbálòpọ̀ sí ohun tí ó gba ìṣọ́ra púpọ̀. Mọ́ṣáláṣí tí ó bá ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n òfin náà kì í dí adájọ́ lọ́wọ́ láti pàṣẹ.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí. Òfin Ìgbéyàwó ti ọdún 1970 sọ pé ohun tí tọkọtaya bá sọ níwájú onílàjà tí òfin náà mọ̀ kò ní ṣe é mú wá sí ilé-ẹjọ́ bí ẹ̀rí, onílàjà náà sì gbọ́dọ̀ búra pé òun yóò pa á mọ́. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ni ó wà fún. Ìgbéyàwó yìgì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ilé-ẹjọ́ ṣẹ̀ríà ti ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ríà aládàáni tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2002 kò ní agbára ìjọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó ń wá síwájú rẹ̀. Nítorí náà, tọkọtaya tí ó lọ sí kọ́ọ̀tù láti ṣègbéyàwó ní ìbòjú kan, tọkọtaya tí ó wá sí mọ́ṣáláṣí kò ní. Òfin Ìlàjà tí a ṣe ní ọdún 2023 fi ààbò díẹ̀ bo ọ̀rọ̀ ìlàjà láàrin ẹni méjì, ó sì yẹ kí àwọn lọ́yà Mùsùlùmí kọ́ wa bí a ti lè jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó dá wá lóru láti tú ọkàn rẹ̀ jáde ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ìlàjà.

Bí òfin yóò bá yí padà, kí àwọn ọ̀dọ́ wa má ṣe gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Aláùsá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà lára ohun tí ìwé òfin 1999 yà sọ́tọ̀ fún ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá nìkan. Ẹ̀bẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti lèmọ́mù nìkan, kí ó má baà dà bí ẹni pé a ń wá ibi tí àáfà yóò sá pamọ́ sí. Ẹ̀tọ́ náà jẹ́ ti ẹni tí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti ẹni tí ó gbọ́. Bí ẹni náà bá fẹ́ kí lèmọ́mù sọ ọ́, lèmọ́mù kò ní àṣẹ láti kọ̀. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí àwọn àáfà kan wà tí ohun tí wọ́n fúnra wọn ṣe nínú yàrá ìmọ̀ràn ni wọ́n fẹ́ kí òfin bá wọn bò.

Kí òfin tó yí padà, iṣẹ́ wà nílé. Ohun tí a kò kọ, kò sí ìwé ìpè tí ó lè mú un jáde. Ìwé méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Àdéhùn, bí iye tí ọkọ yóò máa san fún ìtọ́jú ọmọ, tàbí gbèsè àti ọjọ́ tí a óò san án, kí a kọ ọ́ ní kíkún pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, nítorí Ọlọ́hun pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun àṣírí nínú rẹ̀. Ẹkún kò nílò ìwé. Ọjọ́ tí ẹni náà wá, ọjọ́ tí yóò padà wá, ibi tí a darí rẹ̀ sí, èyí ti tó. Òótọ́ ni pé ilé-ẹjọ́ lè pe lèmọ́mù fúnra rẹ̀ láti wá fi ẹnu sọ ohun tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ ni yóò sọ ọ́ nígbà náà, pẹ̀lú ohùn àti ìdí tí a fi sọ ọ́; kì í ṣe gbólóhùn méjì tí akọ̀wé ọmọ ogún ọdún fi ìkánjú kọ. Bí ẹbí méjèèjì bá sì ń dúnàádúrà nípa lẹ́tà kí ọ̀rọ̀ má baà dé kọ́ọ̀tù, kí a kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí sí orí lẹ́tà náà: "without prejudice". Abala 196 Òfin Ẹ̀rí kò jẹ́ kí a fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nínú ẹjọ́ ẹ̀tọ́.

Ti fóònù ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Mo rọ gbogbo ìgbìmọ̀ wa: ẹ má ṣe gba ohùn ẹni tí ń sunkún sílẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya sí orí ìkànnì ìgbìmọ̀ kí ènìyàn méjìlá lè dá sí i. Kí a tilẹ̀ sọ òtítọ́ sí ara wa. Títí di òní, àṣírí tí àwa fúnra wa tú pọ̀ ju èyí tí ilé-ẹjọ́ gbà lọ́wọ́ wa lọ. Oníwàásù yóò gun mínbárì, yóò ní "arábìnrin kan wà ní àdúgbò yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀", gbogbo jámáà yóò sì mọ ẹni tí í ṣe kí ó tó parí gbólóhùn. Ta ni ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí onítọ̀hún?

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu níwájú wa, ó yẹ kí a sọ fún un, ní èdè tí ó yé e, pé a kò ní sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí bí adájọ́ bá pàṣẹ lẹ́yìn tí a ti ṣàtakò. Àwọn kan yóò ní èyí yóò lé àwọn ènìyàn sá. Bóyá. Ṣùgbọ́n ìlérí tí agbára wa kò ká jẹ́ irọ́, ẹni tí ó sì fi irọ́ gba àṣírí lọ́wọ́ ènìyàn ti fọ́ àmánà náà kí ó tó gbà á.

Bí ìwé bá wá dé ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá láti ilé-ẹjọ́ ni. Lẹ́tà tí lọ́yà kọ, bí ó ti wù kí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le tó, kì í ṣe àṣẹ. A kì í fi ìwé ẹnikẹ́ni fún lọ́yà nítorí lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ ti ilé-ẹjọ́ lóòótọ́, láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹ má ṣe ya ojú-ìwé kan, ẹ má ṣe pa ohùn kan rẹ́. Bíba ẹ̀rí jẹ́ lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, yóò sì sọ lèmọ́mù tí kò ní ẹjọ́ di ẹlẹ́jọ́. Kí a fi tó ẹni tí ó ni àṣírí létí ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí òun ni ó lè gbà tàbí kí ó kọ̀, òun náà sì ni lọ́yà rẹ̀ lè bá a sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Kí a wá lọ́yà tiwa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ MULAN, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Mùsùlùmí, wà nítòsí. Kí lèmọ́mù sì lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá, kí ó mú ìwé náà dání nínú àpò tí a lẹ̀ pa, kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún adájọ́ pé àmánà ni ohun tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fúnra rẹ̀ wò ó ní kọ̀rọ̀ bóyá ó tilẹ̀ kan ẹjọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ àlá. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1997, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Kánádà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan pe dókítà ọkàn kan tí ń jẹ́ Ryan lẹ́jọ́ pé ó bá òun ṣe ìṣekúṣe nígbà tí òun wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Dókítà yìí wá béèrè fún ìwé tí dókítà mìíràn, tí ó ń wo ọgbẹ́ ọkàn obìnrin náà sàn, kọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti burú tó: ẹni tí wọ́n ní ó dá ọgbẹ́ sílẹ̀ ni ó fẹ́ ka ìwé ìwòsàn rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé kí a fi gbogbo rẹ̀ fún un, kò sì sọ pé kí a má fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí i pé apá kan ìwé náà ni kí ó jáde. Àwọn lọ́yà Ryan àti àwọn onímọ̀ tí yóò jẹ́rìí nìkan ni yóò rí i, Ryan fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọn yóò ṣe, wọn kò sì gbọdọ̀ lò ó fún ohun mìíràn lẹ́yìn ẹjọ́ náà. Ilé-ẹjọ́ Kánádà kò lè pàṣẹ fún tiwa, ṣùgbọ́n lọ́yà lè mú ìdájọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síwájú adájọ́ wa láti fi hàn án pé ọ̀nà àárín wà. Ní ti ìyá ọmọ inú àpẹẹrẹ wa, ohun tí lọ́yà rẹ̀ yóò béèrè ni pé ojú-ìwé tí ó kan ìtọ́jú ọmọ nìkan ni kí a kà, kí a sì kà á pẹ̀lú ẹ̀rí dókítà pé ara rẹ̀ ti yá.

Bí adájọ́ bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán tí ó sì pàṣẹ, kí a fi ohun tí ó pàṣẹ fún un, kí ó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa kọ́ ni a fọ́ àmánà nígbà náà.

Ó ku àwọn ìwé àtijọ́. Ní ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí, àkọsílẹ̀ ọdún pípẹ́ wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó Jímọ̀ àti àwọn ẹní ìrun tí ó ti gbó. Èyí tí kò sí ẹjọ́ kankan lórí rẹ̀, tí a kò sì nílò mọ́, kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n dá àdéhùn padà fún àwọn tí ó ni ín, kí wọ́n sì jó ìyókù níná níwájú ẹni méjì. Èyí tí ẹjọ́ ti wà lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí a sì béèrè kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lọ́wọ́ akọ̀wé tí ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn, àti fóònù ẹgbẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.